Bọ́ọ̀lù Àfọwọ́mú

"Tún fi ohùn yẹn sí i kí n gbọ́, Àǹtí," ni Jethro Sagbo wí. "Ó dà bíi pé etí mi ń tàn mí jẹ."

Morìnsọ́lá tún tẹ fóònù. Yàrá àwọn olùkọ́ ni wọ́n wà, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àjídò, obìnrin òyìnbó kan sì ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà nínú fóònù Jethro. Jethro gbọ́ òyìnbó dáadáa, ó ti ń fi kọ́ ọmọ láti ọdún mẹ́rìnlélógún, ṣùgbọ́n òyìnbó àwọn ará Áyálándì yìí, àfi ẹni tó bá ní sùúrù. Ìdí nìyẹn tó fi bẹ Morìnsọ́lá, olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, tí etí tiẹ̀ ṣì mú.

"Nóra lorúkọ rẹ̀," ni Morìnsọ́lá wí. "Ó ní àbúrò bàbá òun, Fáda Mọ́lọ́ì, ti kú lọ́mọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ṣọ́ọ̀ṣì ní Àgbádárìgì ló fún un ní nọ́ńbà yín. Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ó ní ọjọ́ Sátidé ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú wọn máa ṣe ìrántí rẹ̀. Kó tó di Fáda, ẹ̀ẹ̀mejì ló gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo Áyálándì nínú bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní Gélíìkì. Ó ní títí di òní, wọn ò tíì rí irú rẹ̀."

"Fáda tiwa?"

"Fáda tiyín, sà. Ó ní ìgbà gbogbo ló máa ń ròyìn bọ́ọ̀lù tó kọ́ àwọn ọmọ Àjídò. Wọ́n ń bẹ̀ yín kí ẹ fi fídíò ránṣẹ́, kí wọ́n rí bí ẹ ṣe ń gbá a."

Jethro jókòó. Ẹnu yà á, ojú sì tì í. Ọkùnrin tí wọ́n ń sọ yìí ni gbogbo Àjídò fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ bọ́ọ̀lù. Jethro gan-an ló sì bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́ náà.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà náà. Lórí pápá oníyanrìn ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ni Fáda ti ń kọ́ wọn. Ọwọ́ ni èèyàn fi ń mú bọ́ọ̀lù nínú eré náà. Tó o bá ti mú un, o lè gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn náà kó o fi ẹsẹ̀ ta á padà sọ́wọ́ ara rẹ, kó o tún máa sá lọ. Fáda ní ní ilẹ̀ àwọn, àwọn tún máa ń là á mọ́lẹ̀ kó lè ta padà. Ṣùgbọ́n yanrìn Àjídò kì í dá bọ́ọ̀lù padà fún ẹnikẹ́ni, bó bá ti balẹ̀, ó balẹ̀ nìyẹn, ni Fáda bá yọ apá yẹn kúrò. Àwọn ọmọ fẹ́ràn eré náà bí ẹni máa kú.

Àfi ìgbà tí wọ́n lọ bá àwọn ilé ẹ̀kọ́ yòókù figagbága ní Àgbádárìgì. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lásán, èyí tí gbogbo ayé mọ̀, ni wọ́n ń gbá níbẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kó parí, kò tíì sẹ́ni tó jẹ ẹnì kan. Bọ́ọ̀lù fò wá síwájú gólù Àjídò, Jethro gbàgbé ibi tó wà, ó fò sókè láàárín àwọn tó dúró, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Réfírì fọn fèrè. Ó fún àwọn alátakò ní pẹnáritì, wọ́n fi jẹ Àjídò, ó parí. Ẹ̀rín tí wọ́n fi wọ́n rín ọjọ́ náà dé ọjà Agbálátà, títí tó fi di pé àwọn aláta pàápàá ń pè wọ́n ní "afọwọ́mú".

Bí wọ́n ṣe dé ilé ni Jethro kojú Fáda níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ohun tí ẹ kọ́ wa kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ẹ ò mọ bọ́ọ̀lù." Fáda ní, "Ó dáa, Jethro." Lọ́sẹ̀ kejì, ó ra ìwé òfin bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì ń kà á fún wọn lórí pápá bí ẹni ń ka kátíkísìmù. Kò tún kọ́ ẹnikẹ́ni ní eré ti ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ títí tó fi padà sílùú rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó ń gbá a mọ́," ni Jethro wí. "Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún."

"Ṣé ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń gbá a?"

"Mo rántí."

"Ẹ kó àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún jáde lọ́la, kí n yà wọ́n ní fídíò. Ta ló máa mọ̀, sà?"

Ìmọ̀ràn náà dùn mọ́ ọn, a ò ní purọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó kó àwọn ọmọ lọ sórí pápá, ó sì kọ́ wọn. Ara rẹ̀ ò gbàgbé nǹkan kan. Dámisọ́lá, ọmọbìnrin gíga kan tó máa ń sá pamọ́ tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Bí bọ́ọ̀lù bá ti gòkè, òun ló ń mú un, kò sì fẹ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Morìnsọ́lá gbé fóònù sókè. "Ẹ gbọ́ o. Tí mo bá bi yín, ẹ máa wí pé láti kékeré lẹ ti ń gbá a."

"Ṣùgbọ́n òní la bẹ̀rẹ̀, Àǹtí," ni Dámisọ́lá wí.

Jethro gbọ́ ọ. "Gbé fóònù yẹn sílẹ̀, Àǹtí. Ọmọ yìí sọ òótọ́."

Ó lọ jókòó sídìí àgbọn, ó sì gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀. Òyìnbó ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ rèé: "Nóra, Jethro Sagbo ló ń sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ parọ́ mọ́ òkú bàbá yìí. A ò gbá a mọ́. Èmi ni mo sọ fún un lójú gbogbo èèyàn pé kò mọ bọ́ọ̀lù, ìyẹn ló jẹ́ kó dáwọ́ dúró. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Jọ̀ọ́, bá mi tọrọ rẹ̀ níbi ibojì rẹ̀."

Èsì dé lọ́jọ́ kejì, ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Morìnsọ́lá gbọ́ ọ tán, ó sì tún un gbọ́.

"Ṣé ó bínú ni?" ni Jethro bi í.

"Rárá, sà. Ó ní Fáda ò sọ fún wọn rí pé ẹ dáwọ́ dúró. Ó ní gbogbo ọdún Kérésìmesì ló máa ń sọ ti ọmọkùnrin kan tó fò kọjá orí ẹni mẹ́ta ní Àgbádárìgì, tó mú bọ́ọ̀lù lókè réré. Ó ní lọ́dọ̀ wọn, ohun tí wọ́n fi ń mọ akọni agbábọ́ọ̀lù nìyẹn. Fáda ní gbogbo ife-ẹ̀yẹ tóun gbà, òun ò mú irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní gbogbo pápá ń rẹ́rìn-ín, òun nìkan ló ń pàtẹ́wọ́." Morìnsọ́lá wò ó. "Ó ní Jethro lorúkọ ọmọ náà. Ó ń bèèrè pé ṣé ẹ̀yin ni?"

Jethro sunkún. Kò fi ọwọ́ bo ojú, kò sì bìkítà pé àwọn olùkọ́ yòókù ń wo òun. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó mú fèrè rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì jáde lọ sórí pápá. Morìnsọ́lá sáré tẹ̀ lé e.

"Kí ni kí n sọ fún un, sà? Fídíò yẹn ńkọ́?"

"Sọ fún un pé èmi ni." Jethro fọn fèrè, àwọn ọmọ sì ń sáré bọ̀, Dámisọ́lá ló ṣáájú. "Kó o wá yà wá bá a ṣe wà. Sọ fún wọn pé àná la bẹ̀rẹ̀."