Ìkòkò Adìẹ Tí Màmá Mi Jẹ

Bísí, àlá tí mo lá mọ́jú òní ò yé mi. Èmi àti ìyá onílé mi jókòó ti ìkòkò kiritanpo, ọbẹ̀ adìẹ tí àwọn ará Akita, ìlú òkèèrè tí mo wà níbí, ń sè lórí tábìlì. Ìrẹsì gígún ni wọ́n ń mọ mọ́ igi, wọ́n á yan án, wọ́n á wá kó o sínú omi adìẹ. Bí ìyá onílé ṣe ń bu ọbẹ̀, ojú wọn di ojú màmá mi. Wọ́n mú itan adìẹ, wọ́n ń jẹ ẹ́.

Mo fẹ́ sọ pé, "Màmá, ẹ tu ú dànù, ojú àlá la wà." Ohùn mi ò jáde. Mo nawọ́, tábìlì ń gùn sí i.

Wọ́n ní, "Ó mà dùn o, ọmọ mi."

Nígbà tí mo jí, mo ní láti dúró títí ilẹ̀ fi mọ́ ní Ìsẹ́yìn kí n tó pe Màmá. Mo ní mo lá àlá oúnjẹ. O mọ bí wọ́n ṣe bẹ̀rù ẹ̀ tó.

Wọ́n ní, "Ṣé o jẹ níbẹ̀?"

"Rárá, Màmá."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ta ló wá jẹ ẹ́?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.