Ìyá Awẹ́lẹ́ àti Orúkọ Bàbá Ọkọ Mi

Ẹ má bi mí pé kí ló ṣe mí lọ́jọ́ náà. Gbogbo ẹni tó ti bi mí ni mo dá lóhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí èyí tó dá èmi fúnra mi lójú. Mo ṣáà mọ̀ pé mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ayò náà, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo jù ú nù. Bóyá mo gbọ́n ni o, bóyá mo gọ̀ ni o, ẹ̀yin náà ẹ bá mi wò ó.

Ayò káàdì ni. Zulkifli, ọmọ àdúgbò tí wọ́n ti bí mi, Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo, ló yà á, òun náà ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó bá fẹ́ ta á yóò mú olórí kan ṣoṣo, yóò sì ṣa ogójì káàdì jọ sẹ́yìn olórí náà. Àwọn káàdì kan jẹ́ jagunjagun, àwọn kan jẹ́ ọfọ̀. Olórí kọ̀ọ̀kan ló ní iye ẹ̀mí tirẹ̀, ẹni tí ẹ̀mí olórí rẹ̀ bá sì kọ́kọ́ tán ti pàdánù. Jagunjagun ni gbogbo ayé ń kó jọ. Èmi mú Ìyá Awẹ́lẹ́.

Ìyá Awẹ́lẹ́ kò jọ ẹni tó lè pa eṣinṣin. Ó kúrú, ó gbé àpótí ìjókòó dání, ẹ̀mí rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ pé bó bá ka ọfọ̀, tó sì pe orúkọ olórí tó dojú kọ ọ́ sókè, agbára ọfọ̀ náà di ìlọ́po méjì. Bí mo ṣe ka gbólóhùn yẹn tán, mo yọ gbogbo jagunjagun kúrò nínú ìdì káàdì mi.

"Kífá," ọkọ mi Jùwọ́n ní, "ta ló máa wá gbèjà arúgbó yìí?"

"Ẹnu ẹ̀ ni."

Oṣù mẹ́ta gbáko la fi ń dán an wò lórí ẹní ní pálọ̀ wa ní Iléṣà. Jùwọ́n á gbé olórí kan jáde, màá ka ọfọ̀, màá pe orúkọ, olórí á ṣubú. Nígbà tí mo rí i pé jagunjagun rẹ̀ máa ń tètè dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, mo fi ọfọ̀ oorun mẹ́wàá kún un, kí wọ́n máa sùn kí obìnrin náà lè mí. Mo yọ èyí, mo fi tọ̀hún sí i, títí ìdì náà fi dára lójú mi.

Ẹ̀bùn tí wọ́n kéde fún ìdíje ayò náà ló mú mi ya wèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá borí ní Òṣogbo, ẹni tó bá wù ú ni Zulkifli yóò yà gẹ́gẹ́ bí olórí tuntun. Màámi ni mo fẹ́ kó yà. Màámi, tó ń rán fìlà lẹ́nu ọ̀nà wa títí ó fi kú ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìgbéyàwó mi, kò ní fọ́tò kan. Bó bá ti rí ẹni tó gbé fóònù sókè báyìí, yóò fi ìborùn bojú. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó wa, ìborùn ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀rín ni mo ń fi í rín nígbà náà. Nígbà tó pé ọdún kan àbọ̀ tó kú, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ rántí ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo rí, àti abẹ́rẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo bẹ Zulkifli, nítorí ẹnu ọ̀nà wa ló ti dàgbà, ó mọ màámi dáadáa. Ó ní bí òun bá yà á fún mi lásán, gbogbo Òkè-Baálẹ̀ ni yóò to sẹ́nu ilẹ̀kùn òun pẹ̀lú òkú tiwọn. Ó ní kí n lọ borí.

Òkè ilé ìtàwé kan ní Old Garage la ti ta á. Jùwọ́n wà níbi iṣẹ́, nítorí náà bàbá ọkọ mi, tí mò ń pè ní Bàámi, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi wá láti Iléṣà. Ó jókòó sẹ́yìn mi. Kò mọ nǹkan kan nínú ayò náà, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo bá ṣe ló ń pàtẹ́wọ́ sí. Mo na ẹni mẹ́rin. Ó wá ku Tómilọ́lá, obìnrin kan tó jẹ́ akọ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìbòkun. Ó ṣí olórí rẹ̀ sílẹ̀.

Orúkọ Bàámi ni wọ́n kọ sórí rẹ̀.

N kò ní kọ orúkọ náà síbí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ bàbá ọkọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sìn mí lọ sílé ọkọ, màámi di etí mi mú: "Kífáyátù, orúkọ bàbá ọkọ rẹ kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ láéláé. Bó ṣe ajá ló ń jẹ́ ẹ, wá nǹkan mìíràn pe ajá náà." Etí ọ̀hún dùn mí di ọjọ́ kejì.

Mo tọrọ àyè, mo pe Jùwọ́n lórí fóònù. "Ọkùnrin yìí, ṣé olórí kan wà tí o ò fi hàn mí?"

Ó ní: "Mo yọ ọ́ kúrò nínú páálí ni. Ṣé kí n máa fi orúkọ bàbá mi nalẹ̀ lójoojúmọ́ ni?"

Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Mo kọ́kọ́ rọ́gbọ́n dá. Mo ń fi ọfọ̀ oorun mú jagunjagun Tómilọ́lá, mo ń ka ọfọ̀ kéékèèké láìpe orúkọ, títí olórí rẹ̀ fi ṣẹ́ ku ẹ̀mí mẹ́jọ. Ọfọ̀ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi, ẹ̀mí mẹ́rin ló ń gbà. Bí mo bá pe orúkọ, ó di mẹ́jọ, ayò parí. Bí n kò bá pè é, jagunjagun mẹ́ta á jí, kò sì sí ẹni tó máa gbèjà ìyá àgbà.

"Kífá," Zulkifli, tó ń ṣe onídàájọ́, ní, "ṣé Ìyá Awẹ́lẹ́ máa pe orúkọ àbí kò ní pè?"

"Bàbá Onílé," mo ní.

"Orúkọ tó wà lórí káàdì ni òfin mọ̀."

"Bàbá Arẹwà."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàámi dá sí i láti ẹ̀yìn mi: "Orúkọ burúkú wo ni wọ́n sọ ọ́ tí kò fi ṣeé pè?"

Tómilọ́lá kà á fún un ketekete. Agbèrò ìsàlẹ̀ nìkan là ń gbọ́ tó ń pe Iléṣà, Iléṣà. Bàámi fi awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀ wo ọkùnrin onírùngbọ̀n inú káàdì náà.

"Èmi rèé?" Ó yọ awò kúrò lójú. "Ó dáa. Mo yọ̀ǹda fún ọ, ọmọ mi. Pè é ká máa lọ ulé." Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ máa ń yọ bí ọ̀rọ̀ bá ká a lára.

Mo ya ẹnu. Wàláhì, mo fẹ́ pè é. Ṣùgbọ́n etí mi tí màámi dì mú bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. Bí mo bá pè é, màámi yóò ní ojú. Bí mo bá sì pè é, ọ̀rọ̀ màámi ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọwọ́ mi lè tó ojú náà. Ta wá ni mò ń ṣe é fún? N kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì mọ́. Mo fún ètè pọ̀, mo fi káàdì náà lélẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀mí mẹ́rin ló lọ. Jagunjagun jí, Ìyá Awẹ́lẹ́ kú. Zulkifli kò lè wo ojú mi. Ó bi Tómilọ́lá pé ta ni kí òun yà.

"Ajá mi," ó ní. "Ó kú lọ́dún tó kọjá."

Mo fẹ́ gbá a létí, mo fẹ́ bá a sunkún. N kò ṣe ìkankan.

A gba ọ̀nà Ìbòkun padà. Ẹkún ni mò ń sun. Bàámi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ṣebí mo yọ̀ǹda fún ọ?"

"Ẹ̀yin yọ̀ǹda, sà. Màámi ò yọ̀ǹda."

Ó wa mọ́tò lọ díẹ̀, ó wá dúró lẹ́bàá ọ̀nà. "Lọ́jọ́ ìdána yín, mo sọ fún ùyá rẹ pé ayé ti là, pé bó o bá pe orúkọ mi, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ó kàn fún ètè pọ̀, ó ń wò mí bí ọmọ tó tọ̀ sórí ẹní." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Nígbà tí ìwọ náà fún ètè pọ̀ lókè yẹn, àyà mi já. Ùyá rẹ ni mo rí."

Ó na ọwọ́, ó yí dígí kékeré tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn sọ́dọ̀ mi. Mo kọ́kọ́ kọ̀, n kò fẹ́ wo ojú ẹkún. Nígbà tó yá, mo gbójú sókè, mo fún ètè pọ̀.

Màámi ni. Ó ń wò mí tìbínú-tìbínú, kò sì sí ìborùn lójú rẹ̀.