Fáànù Tí Nọ́ọ̀sì Mú Wá

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Jímọ̀ ni Adérìnsọ́lá, nọ́ọ̀sì, máa ń wá tọ́jú Mùíbì nílé rẹ̀ ní Dopemu. Láàárọ̀ àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, Mùíbì á ní kí Sùlíyá ìyàwó òun bá òun gé irùngbọ̀n. Jẹjẹrẹ ti mú un ní ẹ̀dọ̀fóró. Kó tó rìn láti yàrá dé ilé ìtọ̀, á ti máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá ti jókòó tì í, ara rẹ̀ á rọlẹ̀. Nọ́ọ̀sì á ní kó tẹ̀ síwájú, kó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì, kó fi imú fa èémí, kó sì fẹ́ ẹ jáde lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ tíì gbígbóná. Ó mú fáànù kékeré oníbátìrì wá, á máa fi í fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú. Mùíbì á rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló ń jó Sùlíyá lọ́kàn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti wà nílé ọkọ. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fọ aṣọ tó ń wúkọ́ sí. Síbẹ̀, bó bá dì í mú, ńṣe ni èémí túbọ̀ ń há. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, nọ́ọ̀sì sọ fún un pé, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ kí atẹ́gùn lè dé ọ̀dọ̀ wọn.” Sùlíyá wọ ilé ìdáná lọ, ó ń fọ ìkòkò tó ti mọ́. Bí ọmọbìnrin náà ti lọ tán, Sùlíyá ki fáànù tí ó fi sílẹ̀ lórí tábìlì bọ abẹ́ aṣọ nínú àpótí.

Lọ́jọ́ kejì, Mùíbì ń bọ̀ láti ilé ìtọ̀ nígbà tí èémí há a lójijì. Ó di ilẹ̀kùn mú, ojú rẹ̀ ń wá nǹkan kiri orí tábìlì. Sùlíyá sáré sídìí àpótí, ó da gbogbo aṣọ sílẹ̀. Ó tan fáànù, ó sì gbé e sí ọkọ rẹ̀ níwájú. Ó pẹ́ kí ara ọkùnrin náà tó wálẹ̀.

“Ìwọ lo gbé e pamọ́?”

“Èmi ni. Ẹ kì í rẹ́rìn-ín sí mi mọ́.”

Mùíbì sinmi ná. “Ẹ̀rù ló máa ń wà lójú rẹ. Bí mo bá wò ọ́, ikú mi ni mò ń rí. Ọmọ yẹn ò bẹ̀rù.”

Sùlíyá gbé fáànù padà sórí tábìlì.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Sùlíyá ní kó kọ́ òun bí wọ́n ti ń fa èémí náà. Ó gbé ọwọ́ lé ọkọ rẹ̀ léjìká pẹ̀lẹ́, àwọn méjèèjì jọ ń mí. Mùíbì ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wojú nọ́ọ̀sì, ìyàwó rẹ̀ ló ń wò.

Owú náà ò tán. Bí Adérìnsọ́lá ti ń dágbére, Sùlíyá ló kọ́kọ́ dìde, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ti ilẹ̀kùn.