Pupa Méjì Nínú Ìgò

Ojú-Ò-Tàn-Án ni àwọn oníbàárà ń pe télọ̀ náà, torí kò sí irú àwọ̀ aṣọ tí kò lè wá òwú tó bá a mu. Ó fẹ́ràn orúkọ yìí ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ìyẹn ló fi ń dùn ún díẹ̀ pé ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí, ń ṣe iyanrìn kan tó ní ó mọ àwọ̀.

"Ṣé ó máa ń kí ọ láàárọ̀?" ni yóò wí.

"Ẹ rọra máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," ni ìyàwó á dáhùn. "Omi ni kó tó dì. Mo ti po aró pupa mọ́ ọn kó tó le. Tó bá le tán, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo fi sípírítì fọ aró náà jáde. Ihò ibi tó jókòó sí ló kù. Bí ẹni tẹ ẹsẹ̀ sínú amọ̀ tútù ni: tó bá gbẹ, ẹsẹ̀ yẹn nìkan ló bá a mu."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lọ mú ìyàwó rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ìyàwó da omi aró pupa náà sínú gíláàsì gígùn tí iyanrìn rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun kan, wà nínú rẹ̀. Omi tó ń kán jáde nísàlẹ̀ mọ́ gaara; ìyẹ̀fun náà ti gba aró rẹ̀ dúró. Télọ̀ yọ ìgò kan láti inú àpò, omi tó fi ṣan aṣọ tuntun kan tí aró rẹ̀ ń ṣí ló wà nínú rẹ̀. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti ìyàwó lójú fèrèsé.

"Pupa kan náà ni," ló sọ. "Mo lè búra."

Wọ́n dà á sínú gíláàsì mìíràn tó ní ìyẹ̀fun kan náà. Pupa ló wọlé, pupa ló jáde. Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí, títí ó fi rí i pé ìyàwó rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. Àánú ṣe é. Ó mọ iye ìgbà tí obìnrin yìí ti tún nǹkan náà ṣe.

Ìyàwó kò bá a jà. Ó kán omi méjèèjì sórí bébà funfun, ó ki etí bébà náà bọ inú sípírítì. Bí sípírítì ṣe ń gùn ún, pupa tirẹ̀ bá a lọ ní odindi. Ti ọkọ rẹ̀ pín sí méjì: àwọ̀ ọsàn lókè, àwọ̀ àlùkò nísàlẹ̀.

"Aró méjì ni wọ́n pò nínú tiyín," ló wí. "Tèmi ò sí níbẹ̀. Ṣé kí ìyẹ̀fun mi gba àlejò tí kò mọ̀ rí wọlé ni?"

Télọ̀ bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó. "Ìyẹn ni pé ó gbọ́n jù mí lọ."

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o."

"Ojú rẹ ń sọ ọ́."

Ó gbé báàgì ìyàwó rẹ̀, wọ́n jáde. Ní oríta, ìyàwó di apá rẹ̀ mú.

"Iná ti di pupa, ẹ dúró."

"Pupa wo nínú méjèèjì?" lọkọ béèrè, ìyàwó sì rẹ́rìn-ín títí iná fi yí padà.