Ibi Tí A Sin Ìyá Sí

Ẹ má tíì pè mí ní èèyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè pè mí bó bá ṣe wù yín, mi ò ní bínú. Ohun tí mo ṣe fún Láoyè, ojú mi là sílẹ̀ kedere nígbà tí mo ń ṣe é, kò sì tíì lé oorun lójú mi rí.

Ọmọ àbúrò bàbá mi obìnrin ni Láoyè. Yéjídé lorúkọ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá ni èmi náà ń pè wọ́n, torí àwọn ló tọ́ mi dàgbà nígbà tí ẹni tó bí mi kú. Òkèrèwè ní Ifẹ̀ nilé wa. Ilare, àdúgbò mìíràn nínú Ifẹ̀ náà, ni Ìyá ti lọ́kọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bí Láoyè, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn. Wọ́n ta gbogbo aṣọ àpótí wọn kí ọmọ yìí lè kàwé. Ó kà á títí dé ìlú òyìnbó, ó dé, ó di lọ́yà, ó jókòó sí Ìbàdàn.

Nígbà tí àìsàn dá Ìyá dùbúlẹ̀, mo ránṣẹ́ sí i. Dírẹ́bà lọ́rì tó bá mi jíṣẹ́ padà dé, ó ní lọ́yà wà nípàdé ẹgbẹ́ òṣèlú. Mo tún ránṣẹ́, ìpàdé kò tíì tán. Ìbàdàn o, kì í ṣe Kánò. Bí èèyàn bá wọkọ̀ láàárọ̀, yóò jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní Ifẹ̀. Ìyá kọjú sí ẹnu ọ̀nà títí ẹ̀mí fi bọ́. Èmi ni mo fọwọ́ pa wọ́n lójú dé.

Ní ìdílé tiwa, a kì í fi òkú ọmọbìnrin wa sílẹ̀ sílé ọkọ. Ilé bàbá rẹ̀ la ti bí i, ibẹ̀ náà ló ń padà sí. Ọ̀sán gangan la gbé Ìyá kúrò ní Ilare, a gbé wọn gba àárín ìlú kọjá, àwọn èèyàn jáde sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọkùnrin ń ṣí fìlà. A sin wọ́n sínú ilé wa ní Òkèrèwè. Láoyè kò wá síbi ìsìnkú, kò wá síbi ogójì ọjọ́, kò tilẹ̀ béèrè bí a ṣe ṣe é.

Ó di ọdún kejì, ìbò ilé ìgbìmọ̀ Ìbàdàn dé. Láoyè wá rántí pé ọmọ Ifẹ̀ lòun.

Abọ́ tánganran ni mo ń tà níwájú ilé. Inú ìsọ̀ mi ni àpótí rẹdifúṣọ̀n wa wà, èyí tí àwọn kan ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ìròyìn Èkó àti ti Ìbàdàn ló máa ń sọ, ṣùgbọ́n lásìkò ìbò yẹn, wọ́n fún ìlú wa ní wákàtí kan ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Tíṣà kan tó ń jẹ́ Awóníyì ni olóòtú rẹ̀. Yóò pe ẹni tó ń du ipò wá sílé ẹ̀rọ wọn, yóò pe àwọn ará ìlú díẹ̀ tì í kí wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ilé tó bá ní àpótí á ṣí i sókè, ẹni tí kò ní á lọ dara pọ̀ mọ́ ẹni tó ní.

Lọ́jọ́ tí Láoyè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, èrò kún ìsọ̀ mi dé ìta. Mùnírátù ọ̀rẹ́ mi, tó ń ta kẹrosíìnì, jókòó sítòsí àpótí, inú rẹ̀ ń dùn.

Ó ní, "Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dùn lẹ́nu ọmọ yìí. Ẹ ó rí i, á fa omi ẹ̀rọ dé ẹnu ọ̀nà wa."

Fákúnlé tó ń gẹ irun lódìkejì ọ̀nà ní, "Kó kọ́kọ́ fa ara rẹ̀ dé Ifẹ̀ ná. Ẹni tí kò mọ̀nà ilé baba rẹ̀ mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àfi bí ẹni pé ó gbọ́ Fákúnlé, ẹnìkan nílé ẹ̀rọ náà bi Láoyè ní irú ọ̀rọ̀ yẹn, ó ní ìlú ń wí pé kò mọlé. Láoyè fẹ̀sọ̀ rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Èmi tí mo tọ́jú ìyá mi dójú ikú? Ẹ̀yin àgbà lẹ máa ń wí pé ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Èmi ni mo sin ìyá mi. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bu yẹ̀pẹ̀ sí wọn."

 Gbogbo wọn yíjú sí mi, Mùnírátù pàápàá wolẹ̀. Abọ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ń fi aṣọ nù, mo ń nù ún, mo ń nù ún. Mo wí fún àpótí náà pé, "Irọ́ lo pa." Ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ó ń ṣèlérí títì, ó ń ṣèlérí iléèwé. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó ń fi òkú ìyá tó pa tì wá ìbò, inú pálọ̀ gbogbo ìlú ló sì ti ń sọ ọ́, kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn.

Fákúnlé bi mí pé, "Ìyá Fúnlọ́lá, ṣé ẹ máa fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Rárá o. Inú àpótí yẹn náà ni n ó ti bá a."

Mo tọ Tíṣà Awóníyì lọ. Mo ní mo fẹ́ wà lára àwọn tí yóò bi Láoyè ní ìbéèrè nígbà tó bá tún padà wá. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ béèrè. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kò gùn. Ó rò pé mo fẹ́ wá yin àbúrò mi ni, ó sì gbà. Èmi náà kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Sátidé tó kẹ́yìn kí wọ́n tó dìbò ni. Aṣọ tí mo wọ̀ nígbà tí a ń sin Ìyá ni mo wọ̀ lọ. Láoyè wò ó, kò mọ̀ ọ́n. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Ó fi ọwọ́ kan kanlẹ̀ kí mi nítorí súùtù ọrùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín sí i padà. Inú burúkú làgbà ń ní, àgbà kì í ní ojú burúkú.

Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ìlú."

Ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀gbọ́n mi gan-an lẹ ń gbọ́ ohùn wọn yìí."

"O ní ìwọ lo sin ìyá wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ibo lo sin wọ́n sí?"

 Mo rí Láoyè tó ń wá ìdáhùn lójú mi, bí ọmọ iléèwé tó ń yọjú wo síléètì ẹnìkejì. Mo gbójú kúrò. Ká ní ó wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò sí níbẹ̀, ẹ dárí jì mí," mo fi Ọlọ́run búra, ọ̀rọ̀ ìbá tán síbẹ̀, ǹ bá dìde kí n sì fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ìbò ni, kò lè sọ létí gbogbo ìlú pé òun kò mọ ibi tí ìyá òun wà.

Ó ní, "Nílé bàbá mi ni, ní Ilare. Inú yàrá wọn. Símẹ́ńtì ni mo ní kí wọ́n fi rẹ́ ẹ."

Mo ní, "O ṣeun. Mi ò ní ìbéèrè mìíràn."

Tíṣà Awóníyì wo ojú Láoyè, ó wo ojú mi. Ọmọ Ilare lòun náà, ó wà lára àwọn tó ṣí fìlà nígbà tí òkú ń kọjá. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́. Inú mi dùn, mo dìde, mo jáde.

Kí n tó rìn délé, àwọn obìnrin Ilare ti jáde sí títì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin:

Láoyè sin ìyá ẹ̀,
A ò rí sàréè nílé;
Ẹ bá a wá Yéjídé o,
Lọ́yà sọ ìyá ẹ̀ nù.

Ó dùn mí díẹ̀ pé orúkọ Ìyá ti di ohun tí wọ́n ń pè káàkiri títì, torí wọn kì í fẹ́ ariwo nígbà ayé wọn. Síbẹ̀, mo bá wọn gbe orin náà. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, Ilare gan-an, ilé baba rẹ̀, ni Láoyè ti fìdí rẹmi jù.

Lẹ́yìn ìbò, ó wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò wọ súùtù mọ́. Mo ní kó wọlé, ó wọ pálọ̀, ó jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ síwájú tòun ti bàtà lórí ẹní.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti pa mí."

Mo ní, "Ìwọ lo pa ara rẹ."

"Wọ́n ní ilé yìí lẹ sin wọ́n sí. Mo bi àwọn àgbà ilé, wọ́n ní kí n bi yín."

"Wọ́n wí ire."

"Ibo ni, mà? Mi ò wá nítorí òṣèlú. Ẹ jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan péré."

Mo wò ó. Inú pálọ̀ yẹn la sin wọ́n sí. Abẹ́ àga ni orí Ìyá wà, ẹsẹ̀ wọn kọjú sí ẹnu ọ̀nà, bàtà Láoyè sì wà lórí àyà wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹ̀yìn eyín mi. Mo wá rántí dírẹ́bà lọ́rì, mo rántí ìpàdé tí kò tán, mo gbé e mì.

Mo ní, "Lọ́yà ni ọ́. Wá a."

Ó bẹ̀ mí títí. Nígbà tó yá, ó tẹrí ba, ó fọwọ́ méjèèjì bojú, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. Omi ojú ń gba àárín ìka rẹ̀ kán sílẹ̀ sórí ẹní, ibi tó yẹ kó ti sunkún láti ọdún kejì sẹ́yìn gan-an ló ń kán sí, òun nìkan ni kò mọ̀ nínú ilé yẹn. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó, mi ò sọ fún un.