Ìlà Kan Lórí Àyè Kẹjọ

Ògúntóyè fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dún 1961, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ kò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Bó bá ń kọjá lọ ní Òkè-Àgbà, àdúgbò tí wọ́n bí i sí ní Ẹ̀fọ̀n, tó sì rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ wọ́gọwọ̀gọ sára ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, yóò dúró, yóò pe onílé jáde, yóò sì bi í léèrè ẹni tó kọ ọ́. Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é. Àwọn kan tilẹ̀ ti gbàgbé pé ó ní orúkọ mìíràn.

Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin kan dé láti Ìbàdàn lọ́dún 1963, tó ní ìjọba fẹ́ tẹ ìwé pẹlẹbẹ fún àwọn àlejò tí ń lọ wo omi gbígbóná ní Ìkógòsì, kí wọ́n lè yà ní Ẹ̀fọ̀n kí wọ́n wo àwọn ibi àtijọ́ tó wà níbẹ̀, ta ni ìlú yóò fà lé e lọ́wọ́ bí kò ṣe Tíṣà? Ọkùnrin náà fún un ní fọ́ọ̀mù kan. Àyè mẹ́jọ ló wà lórí rẹ̀, nọ́ḿbà kan fún ibi kan, àti àyè ìfọwọ́sí nísàlẹ̀.

Inú Tíṣà dùn débi pé kò lè jẹun ọ̀sán. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó rìn yí Òkè-Àgbà ká bí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Ó kọ àpáta tí àwọn aṣọ́nà ń dúró lé nígbà ogun Kírìjì. Ó kọ igi àràbà tí wọ́n ti ń bá ara wọn mulẹ̀. Ó kọ kànga olókùúta, ó kọ agogo ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́, ó kọ ẹnubodè tí yàrà ìlú ti kọjá. Nígbà tó di nọ́ḿbà keje, ó kọ ọjà àtijọ́ tí kò sí ẹni tó ń ná an mọ́. Ó wá ku nọ́ḿbà kẹjọ.

Gbogbo ọmọ Òkè-Àgbà ló mọ ohun tó yẹ kó wà ní nọ́ḿbà kẹjọ. Ilé bàbá Tíṣà ni. Òpó mẹ́rin ló gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà dúró, bàbá rẹ̀ àgbà ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ wọn: obìnrin tó kúnlẹ̀ tó gbé àwo, ẹlẹ́ṣin, ìyá tó pọn ìbejì, àti ọdẹ kan tó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí òpó tó ń rẹ́rìn-ín níbòmíràn. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni wọ́n sin bàbá Tíṣà sí lọ́dún 1919. Ìyá rẹ̀, Yèyé Ẹ̀yínadé, tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbá ibẹ̀. Òun ló ń gbá a láràárọ̀, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ sàréè náà wò, ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

"Tèmi nù un," ni yóò máa wí. "Kí ẹnikẹ́ni má gbé àga síbẹ̀ o."

Ṣùgbọ́n báwo ni Tíṣà yóò ṣe fi gègé ara rẹ̀ kọ ilé ara rẹ̀ sínú ìwé ìjọba? Wọ́n tọ́ ọ dàgbà pé ẹnu àjèjì ni a ti ń gbọ́ iyì ilé ẹni, pé ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ yin ilé bàbá rẹ̀ ti sọ ilé náà di yẹ̀yẹ́. Ó gbé gègé sókè lẹ́ẹ̀mẹta, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Níkẹyìn ó fi àyè kẹjọ sílẹ̀ lófìfo, ó fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ Bọ́látitó, akọ̀wé kańsù, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní kíláàsì kẹrin. Bọ́látitó ti jókòó ti òpó ọlọ́dẹ yẹn lọ́jọ́ púpọ̀ nígbà èwe rẹ̀. Tíṣà retí pé Bọ́látitó ni yóò kọ ọ́.

"Bá mi wò ó," ni Tíṣà wí. "Bóyá nǹkan kan kù níbẹ̀."

Bọ́látitó ka ìwé náà látòkè délẹ̀. Ó rí àyè kẹjọ. Ó ronú pé ó yẹ kí òpó wọ̀nyẹn wà níbẹ̀, àmọ́ ta ni òun tí yóò bá Tíṣà tún iṣẹ́ ṣe? Bí Tíṣà kò bá kọ ilé tirẹ̀, a jẹ́ pé ó nídìí. Bóyá ìyá àgbà kò fẹ́ kí àlejò máa wọlé wọde.

"Kò ku nǹkan kan, sà," ló wí. "Ohun tí ẹ̀yin bá kọ, ó ti pé."

Ó wá mú rúlà, ó fa ìlà gbọọrọ sórí àyè kẹjọ. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: a kì í fi àyè òfìfo sílẹ̀ lórí ìwé tí a ti fọwọ́ sí, kí ọ̀bàyéjẹ́ má baà kọ ohun tó wù ú sí i.

Tíṣà rí i bó ṣe fa ìlà náà. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ìtìjú kò jẹ́. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi," ó sì jáde.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ẹnjiníà kan dé pẹ̀lú katapílà. Ọkọ̀ àwọn àlejò kò lè gba ọ̀nà tóóró Òkè-Àgbà, wọ́n ní kí wọ́n fẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára àwọn ilé tó máa lọ. Ilé olópòó mẹ́rin wà lára wọn.

Tíṣà àti Bọ́látitó jọ sáré lọ bá ẹnjiníà. Ọkùnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú, èyí gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dunni jù. Ó fún wọn lága, ó sì mú fọ́ọ̀mù jáde.

"Baba, àṣẹ tí wọ́n fún mi ni pé kí n má fọwọ́ kan ohunkóhun tó bá wà nínú ìwé yìí. Mo ti yí ọ̀nà nítorí àràbà. Mo yí i nítorí kànga. Ẹ wò ó, ilé yín kò sí níbẹ̀."

"Àìkọ ọ́ yẹn, ìtìjú ni," ni Tíṣà wí.

"Ìtìjú bí ti báwo?" Ó fi ìka tọ́ ìlà náà. "Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Ẹ tún fa ìlà sí i pé ó parí. Bí ilé náà bá ṣe pàtàkì, ṣé onílé kò ní mọ̀ ni?"

Bọ́látitó bú sẹ́kún níbẹ̀, akọ̀wé kańsù tó ti bímọ mẹ́rin. Tíṣà kò sunkún. Ó rí i pé ẹ̀pa kò bóró mọ́, ó kí ẹnjiníà pé ó kú iṣẹ́, ó sì dìde.

Kò lè sọ fún Yèyé. Ó parọ́ fún un pé wọ́n fẹ́ tún òrùlé ṣe, ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ Rebecca, ọmọbìnrin Tíṣà tó ń gbé ní Àrámọ̀kọ. Ọjọ́ kejì ni katapílà wọlé. Ògiri wó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì fọ́ àwọn òpó náà mọ́lẹ̀. Tíṣà fẹ́ ṣa èyí tó bá ṣẹ́kù, àmọ́ kó tó rí ẹni tí yóò bá a gbé e, àwọn lébìrà ti fi ẹlẹ́ṣin àti ìyá ìbejì dáná ẹ̀wà. Ó dúró ti iná náà, ó ń wò ó. Wọ́n bù fún un nínú ẹ̀wà náà, wọ́n rò pé ebi ló ń pa bàbá.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti tọ́ àkọlé ẹnikẹ́ni sọ́nà mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Bọ́látitó sáré wá bá a nínú yàrá tó háyà. "Sà, Yèyé ti dé o! Wọ́n wà lójú títì!"

Yèyé Ẹ̀yínadé ti bínú kúrò ní Àrámọ̀kọ, ó wọ lọ́rì ẹlẹ́rù wálé fúnra rẹ̀. Nígbà tí Tíṣà débẹ̀, ó bá a ní ìjókòó lórí ilẹ̀ pupa ní àárín ọ̀nà, ọ̀pá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti ka ìṣísẹ̀ láti ìdí kànga, ó sì mọ ibi tó wà. Ọkọ̀ kan ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀, kò yíjú wò ó.

"Ògúntóyè," ni ó pè é. "Ulé mi dà?"

"Yèyé, ẹ dìde. Ọkọ̀ ń bọ̀."

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni mo jókòó sí. Bàbá rẹ nù un nísàlẹ̀ yìí. Ọkọ̀ a máa gun orí ẹ̀?" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ na ilẹ̀. "Wọ́n ní kànga ṣì wà. Wọ́n ní àràbà ṣì wà. Ta ló wá ní kí wọ́n wó ulé tèmi?"

Tíṣà lè sọ pé ìjọba ni. Ó lè sọ pé ẹnjiníà ni, tàbí Bọ́látitó tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú ìyá rẹ̀.

"Èmi ni, Yèyé. Wọ́n ní kí n kọ àwọn ibi tó níyì ní Òkè-Àgbà sínú ìwé. Mi ò kọ tiwa."

Ìyá àgbà kò gbé e ṣépè, kò sì sunkún. Ó na ọwọ́ sí i pé kó fa òun dìde, Tíṣà sì fà á.

"Ó dáa," ló wí. "Ọjọ́ tí ukú mi bá dé, mú ùwé yẹn jáde. Wò ó, kí o wá ibi tó níyì níbẹ̀, kí o sin mí síbẹ̀."

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ. Nígbà tí Tíṣà fẹ́ tẹ̀ lé e, ó ní kó má tẹ̀ lé òun.