Bá Mi Kí Wọn Nílé

Ilẹ̀kùn náà kò ṣí. Mardiyah tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣí. Ohùn ìyá arúgbó kan dáhùn láti inú ilé pé, "Ta nìyẹn?" ó sì dákẹ́. Mardiyah ò tiẹ̀ rò ó. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló lọ fúnra rẹ̀ sórí bọ́tìnnì tó ń mú èèyàn lóṣòó, ẹni inú géèmù sì kúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn.

"Wọlé, ọmọ mi," ni ohùn náà wí. Ilẹ̀kùn ṣí.

Mardiyah bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń tọ́ géèmù wò bíi tirẹ̀, ará Èkó àti ará òkè òkun, ti ń pariwo láti àná lórí ayélujára pé géèmù náà ti bàjẹ́, pé ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ kò ṣeé ṣí. Wọ́n ti wá kọ́kọ́rọ́ títí, ó sú wọn. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ńṣe ló yẹ kí wọ́n kí ìyá onílé.

"Ẹ rí i?" ó sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ agbóhùn tó wà níwájú rẹ̀. "Ẹ̀kọ́ ilé ni kọ́kọ́rọ́ ibí yìí."

Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Òmù-Àrán. Àwọn tó ń ṣe géèmù á fi démò ránṣẹ́ sí i, ìyẹn ìwọ̀nba tí wọ́n bù lára géèmù fún títọ́wò kí odidi rẹ̀ tó jáde. Òun á gbá a, á máa sọ ohun tó rí àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó, àwọn èèyàn bí ẹgbàá mẹ́rin á sì wò ó lórí Yútúùbù. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, Alájì Ọlágúnjú, bàbá rẹ̀, ní eré ọmọdé ni. Ní báyìí, kò sẹ́ni tí kò tíì fi ọmọ rẹ̀ yangàn fún ní mọ́ṣáláṣí. Lónìí gan-an, ó ti ní kí típà kan gbé iyẹ̀pẹ̀ wá ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n fi dí kànga àtijọ́ tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, èyí tí wọ́n ti bò pa láti ìgbà tí wọ́n ti ní omi rẹ̀ bàjẹ́. Ọ́fíìsì Mardiyah ni wọ́n máa kọ́ síbẹ̀.

Aago mẹ́rin ni ẹni tó fi démò náà ránṣẹ́ ní kí fídíò jáde. Kò kọ orúkọ. Ó kàn ní òun fẹ́ kí Mardiyah wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ gbá a. Aago méjì ti kọjá báyìí. Ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀run, oòrùn ò sì mọ́lẹ̀ ju iná tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ tán lọ. Mardiyah ti fèrèsé pa nítorí eruku, ó ń bá géèmù lọ.

Obìnrin kan ló sọnù nínú rẹ̀, ẹni tó ń gbá a ló máa wá a rí. Kò sí ìbọn, kò sí iwin. Ilé kan ṣoṣo ni, ní ọ̀sán gangan, tí ewúrẹ́ ń ké lókèèrè. Síbẹ̀, àyà Mardiyah ń já láìnídìí. Ó fi àṣà iṣẹ́ rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ó ń wá àléébù.

"Kámẹ́rà yìí ti rẹlẹ̀ jù," ó wí. "A ò rí ojú àgbàlagbà kankan. Ìbàdí wọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ tún wo fèrèsé, bó ṣe ga tó. Ó yẹ kí wọ́n tún èyí ṣe kí géèmù tó jáde."

Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá sí ẹ̀yìnkùlé. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, etí ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti ya. Mardiyah rẹ́rìn-ín pé ó jọ tilé àwọn. Àgbá omi kan wà lápá ọ̀tún, wọ́n kun ìdajì rẹ̀ ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, wọn ò kun ìdajì tó kù. Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kun tiwọn. Ọ̀dà tán lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín iṣẹ́, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn àgbá náà ni kànga wà, ní ṣíṣí sílẹ̀.

Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: Farapamọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Láti ẹ̀yìn àgbá, ẹsẹ̀ nìkan ló ń rí. Ẹsẹ̀ obìnrin wọ sálúbàtà rọ́bà, ti ọkùnrin kò wọ nǹkan kan.

"Ìpín mi nínú ilé bàbá wa ni mo ní kẹ́ ẹ fún mi," ni obìnrin náà wí. "Àlùkùránì ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi."

"O wà nílé ọkọ, o tún ń bèèrè ilé," ọkùnrin náà dáhùn.

"Mo ti kúrò lọ́dọ̀ ọkọ. Èmi àti ọmọ mi, ibo lẹ fẹ́ ká lọ?"

Mardiyah gbé ojú sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Okùn sálúbàtà ọ̀tún ti já rí, wọ́n fi òwú búlúù rán an, ó sì wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Àǹtí Jàrátù sì ní kò sí télọ̀ tó tó o ní gbogbo Kwara.

Àbúrò bàbá rẹ̀ ni Àǹtí Jàrátù. Ó kó kúrò nílé ọkọ, òun àti Uwais ọmọ rẹ̀, wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Nígbà ìsinmi ọdún náà, Mardiyah lọ kéú ní Ìlọrin. Kó tó dé, Àǹtí ti lọ. Bàbá rẹ̀ ní òun fúnra òun lòun sìn ín dé gáréèjì Àjàṣẹ́-Ìpo, ibẹ̀ ló ti wọkọ̀ Èkó lọ wá iṣẹ́. Ọdún kẹtàlá rèé. Wọn ò bá a lórí fóònù rí. Àwọn ẹbí ọkọ wá mú Uwais, ọmọ ọdún méje, wọ́n sì ní odidi ọdún kan ni kò fi la ẹnu sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé ní ìyá rẹ̀ ló ń ṣàárò, wọn ò sì gbúròó Uwais mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Nínú géèmù, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà sún síwájú. Ìka tó kéré jù kò sí lẹ́sẹ̀ òsì. Àdá ló gé ti Alájì Ọlágúnjú lóko Rore, kí wọ́n tó bí Mardiyah. Nǹkan kan dún gbì. Sálúbàtà ọ̀tún ṣẹ́ kù sílẹ̀ lóun nìkan. Omi wá dún nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì pẹ́ kó tó dákẹ́.

Ẹsẹ̀ obìnrin mìíràn jáde láti inú ilé. Áyọ́ọ̀nù ti jó etí ìró rẹ̀ rí. Mardiyah mọ ìró náà, ti ìyá rẹ̀ ni, òun ni wọ́n gé tí wọ́n fi ń nu tábìlì báyìí. Obìnrin náà kò pariwo. Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó bá ọkùnrin yẹn gbé páànù bo kànga, ó wọlé, ó gbé ọlọ jáde, ó sì dojú rẹ̀ dé sórí páànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọlọ náà wà ní ẹ̀yìnkùlé títí di òní. Wọ́n ní kí omi òjò má baà dúró sínú rẹ̀ ni.

Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé démò parí. Ìlà kan tún yọ lábẹ́ rẹ̀: Bá mi kí wọn nílé.

Mardiyah pa ẹ̀rọ agbóhùn. Kámẹ́rà náà kò rẹlẹ̀ jù. Ibi tí ojú ọmọ ọdún méje mọ nìyẹn.

Òun nìkan ló sì rí i. Àwọn yòókù ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́. Bó bá pa fídíò yìí rẹ́, tó ní ilẹ̀kùn kò ṣí fún òun náà, ó tán nìyẹn. Típà á da iyẹ̀pẹ̀, wọ́n á kọ́ ọ́fíìsì, òun á sì máa jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó rántí bàbá tó pọ̀n ọ́n dé ọsibítù lọ́jọ́ tí ibà fẹ́ pa á. Bàbá yìí kan náà ni. Ohun tó dùn ún jù ni pé ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀ bó ṣe jókòó síbẹ̀ yẹn, ìfẹ́ náà ò dín.

"Mardiyah!" Ohùn bàbá rẹ̀ dún láti ẹ̀yìnkùlé. "Jáde wá o, típà ti dé."

Ó jáde. Típà ti kẹ́yìn sí kànga, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń hó, eruku rẹ̀ àti ti ọyẹ́ ti dàpọ̀. Bàbá rẹ̀ ń ṣe àlùwàlá lórí àpótí, búútà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ bàtà. Ìyá rẹ̀ ń sáré ká aṣọ lórí okùn.

"Ibo lo fẹ́ kí fèrèsé ọ́fíìsì rẹ kọjú sí?" bàbá rẹ̀ bi í. Inú rẹ̀ dùn gan-an. "Títì ni àbí ọgbà?"

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," Mardiyah wí, ó sì kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ lójoojúmọ́.

Láti ibi tó kúnlẹ̀ sí, kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ó rí ẹsẹ̀ òsì tí kò ní ìka kékeré. Ó rí etí ìró ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi. Ó rí ọlọ tó dojú dé lórí páànù. Kò sí ohun tó yàtọ̀ sí ti géèmù.

"Dìde, ọmọ mi. O ti kí mi tán."

Kò dìde. "Bàbá, Uwais ní kí n kí yín."

Omi ń dà láti ẹnu búútà sórí ẹsẹ̀ náà, kò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Awakọ̀ yọrí láti inú típà, ó ní, "Alájì, ṣé ká dà á?"

Ìyá rẹ̀ ló rìn lọ sídìí kànga, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ọlọ. Jímọ̀-Jímọ̀ ló máa ń fọ ọlọ yẹn, ọlọ tí ẹnikẹ́ni kò fi lọ ata láti ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn. Mardiyah a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé ìmọ́tótó Màmá ti pọ̀ jù.

"Ẹ gbé iyẹ̀pẹ̀ yín padà," ìyá rẹ̀ sọ fún awakọ̀. Kò wo ojú ọkọ rẹ̀. Mardiyah tó wà lórí ìkúnlẹ̀ ló ń wò.

"Ṣé Uwais ti ń sọ̀rọ̀?" ó bi í.

"Ó ti ń sọ̀rọ̀, Màmá."